Èmi, Ẹ̀rùòbodò àti Abẹ́rẹ́

Nígbà tí mo gba ajá mi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọdẹ ní ìhà Mọ́níyà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ìrù rẹ̀ kò tíì ju ìka ọwọ́ mi lọ, mo ronú títí lórí orúkọ tí yóò máa jẹ́, nítorí pé àwọn baba wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Òwe ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ bá bá wí lè máa gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú u. Mo ní aládùúgbò kan nígbà náà tí ń halẹ̀ mọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe sọ ajá náà ní Ẹ̀rùòbodò. Aládùúgbò gbọ́, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ajá fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ tí mo fún un, nítorí pé ìgbálẹ̀ ń bà á lẹ́rù, agbòjò ń bà á lẹ́rù, àkùkọ aláròóbọ̀ kan tí kò ní ìyẹ́ lórí pàápàá ń lé e wọ abẹ́ àga. Ẹ̀rùńbodò ni ìyàwó mi ń pè é.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ ròyìn yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀. Ọdún 33 ni mo fi ṣe olùkọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí n kò dúró níwájú kíláàsì, kí n fi ẹgba tọ́ka sí pátákó, kí n máa ròyìn bí Louis Pasteur, ará ilẹ̀ Faransé, ṣe fi abẹ́rẹ́ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, lọ́wọ́ ikú ní ọdún 1885. Mo mọ̀ pé bí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni ó yẹ kí a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gún lásìkò. Ìmọ̀ kò wọ́n mi. Sùúrù ni ó wọ́n mi, àti ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń bá ẹ̀dá tí kò gbọ́ òwe lò.

Oṣù karùn-ún ni mo tó gbé e lọ. Mo wọ agbádá, nítorí mo gbàgbọ́ pé bí dókítà ẹranko bá rí agbádá yóò fi ọ̀wọ̀ mi wọ̀ mí. Mo háyà ọkọ̀ Micra kan, mo sì gbé Ẹ̀rùòbodò, tí kò wọ mọ́tò rí láyé rẹ̀, lé orí itan bí ọmọ ìkókó. A kò tíì dé Mọ́kọ́lá tí ó fi bì sí mi lápò. Mo ní sínú àpò agbádá gan-an, níbi tí owó dókítà wà. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá, owó ti lé sí i nìyẹn o.” Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí òórùn oògùn àti òórùn ẹ̀rù àwọn ajá tí ó ti ṣáájú rẹ̀ gba ibẹ̀ wọ̀ ọ́ nímú, ó fìdí múlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú, èmi náà sì di okùn mú, mo ń fà, mo ń jágbe mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí mo ti í ṣe sí ọmọ tí kò fẹ́ wọ kíláàsì. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko; mo mọ òwe náà, mo ti fi í ṣe àkọlé àròkọ fún ọmọ tí kò níye, ṣùgbọ́n kò sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà.

Okùn já. Ẹ̀rùòbodò wọ ọjà, èmi sì tẹ̀lé e, agbádá mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ eégún. Abẹ́ tábìlì ìyá aláta kan ni mo ti bá a, ó ká jọ sáàárín agbọ̀n tàtàṣé méjì. Bí mo sì ti bẹ̀rẹ̀ láti fà á jáde ni mo fi orí gbé tábìlì náà dìde. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà yí ká títì. Owó abẹ́rẹ́ ni mo fi san owó ata, lẹ́yìn tí ìyá náà ti kọ́kọ́ fi omi ṣan án kí ó tó gbà á.

Ìtìjú ọjọ́ náà sọ abẹ́rẹ́ di ọ̀la, ọ̀la di oṣù tí ń bọ̀, oṣù di ọdún méjì. Bí ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, bá bi mí, èsì mi ni pé ajá tí kì í jáde nílé, níbo ni yóò ti kó dìgbòlugi. Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi mọ ihò ara ògiri tí ó ń gbà jáde lálaalẹ́.

Oògùn aràn ni ó tú àṣírí mi. Hóró mẹ́ta ni mo rà. Mo fi ọ̀kan sínú pọ̀nmọ́: ó jẹ pọ̀nmọ́, ó tu oògùn. Mo lọ èkejì sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí: ó gbóòórùn abọ́ náà, ó wò mí bí àna ti í wo ẹni tí ó gbé ẹrù ìdána tí kò pé wá, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo ní agbára ni n óò fi ṣe. Mo fi itan há a mọ́lẹ̀, mo la ẹnu rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọ̀fun, ajá tí kò gé ènìyàn jẹ rí sì pa ẹnu dé. Ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìka mi méjì.

Mo fẹ́ fi àkísà wé e kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá ti dé, ó gbá ọwọ́ mi mú sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, ó sì ń bi mí ní gbogbo àsìkò náà pé, “Bàbá Bọ́lá, abẹ́rẹ́ ajá yìí ńkọ́?” Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tèmi yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méje, nítorí pé bí dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n tún ní kí a máa ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ 10, bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ fi pé, a jẹ́ pé kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó gé mi jẹ. Ẹ wo bí ayé ti ń yí! Ẹni tí mo ń fi okùn wọ́ wá di ẹni tí mo ń jí kí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń lóṣòó níwájú rẹ̀, tí mo ń kì í: “Ajá, ọmọ a-fi-ìrù-kí-baálé, a-gbọ́-ìrìn-olè-kí-onílé-tó-jí, ṣé o sùn dáadáa? Ṣé omi ń wù ọ́ mu?” Mo bí ọmọ mẹ́rin, n kò gbàdúrà ìlera fún ọ̀kankan nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì ni Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ fa okùn ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, mo tẹ̀lé wọn. Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà, kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, lẹ́yìn náà ó fi ọ̀wọ̀ lé mi síta: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà á.” Ajá ìwòyí ní í mọ ehoro ìwòyí í lé, mo lọ, mo sì ń yọjú lójú fèrèsé. Ó bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó jókòó sórí simẹ́ǹtì, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá, ó ń wo òkè àjà, ó sì ń jẹ́ kí ẹja gbígbẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀. Ó pẹ́ kí Ẹ̀rùòbodò tó sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ẹja. Ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹja. Ó ká ètè rẹ̀ sókè wo eyín, ẹja ńlá. Kò gún un lọ́jọ́ náà. Ó ní ó di ìgbà tí ọjọ́ 10 bá pé, àti pé títí di ìgbà náà kí a máa mú un wá kí ó jẹ ẹja, kí ó gun òṣùwọ̀n, kí ó sì máa lọ sílé, kí ó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí òun bá wá ni a ó gún òun. Ní ti hóró oògùn, ó ní ègé ẹran mẹ́ta ni kí a fún un tẹ̀léra, kí oògùn wà nínú ti àárín, kí ojú rẹ̀ sì ti wà lára ti ìkẹyìn kí ó tó gbé ti àárín mì. Ìyá Bọ́lá ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà. Oògùn lọ wọ̀ọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, a padà lọ fún abẹ́rẹ́ tèmi. Èyí àkọ́kọ́ dun ọkàn mi ju apá mi lọ, nítorí mo ké, àwọn aláboyún tí ó jókòó síta sì gbọ́. Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, òórùn sípíríìtì wọ̀ mí nímú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì dúró láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ wọlé, kò le tó bẹ́ẹ̀.” N kò mira. Ìyá Bọ́lá kò fà mí, kò sì jágbe. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, ó ń wo òkè àjà, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó tú ìwé ìròyìn kan, òórùn ẹran díndín sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó fún mi ní ègé kan. Mo jẹ ẹ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó mú èyí tí ó tóbi jù jáde, ó gbé e sí ibi tí ojú mi ti lè rí i.