Koríko Lórí Òrùlé Oníkan

Bí Yorùbá bá fẹ́ kọ́ ilé àṣà, má wulẹ̀ ro pé orí Odùduwà ni àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọn yóò ti máa dáná ìrẹsì ni.

Ní Oníkan, l'Ékòó, Dókítà John Randle fowó ara rẹ̀ kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní 1928, nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ̀ láti ṣe é. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wá sọ di ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Ilé náà ń yọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀, koríko sì bo òrùlé rẹ̀.

Koríko! Nílé bàbá wa, bí koríko bá hù lórí òrùlé, aráyé á ní onílé ti sá fún gbèsè. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ilé ní ọ̀làjú ni, a ò sì ní bá a jà. Òun ló lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ẹ wá pe ìpàdé lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Ẹnìkan á ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ògiri àtijọ́, òun náà ló sì ti wó ilé bàbá rẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ère dára o, ibo la ó páàkì sí?" Ìyá kan á sì bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gba àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, torí ọmọ òun ń ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá.