Injiníà Ẹbí

Kò sí ẹbí tí kò ní ọ̀kan. Bí ẹ bá wo ẹbí tiyín yíká tí ẹ ò rí i, ẹ fura, ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni. Kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbì kankan. Jọ́gíráfì ló kà jáde, tàbí ẹja sísìn, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń ṣe. Àmọ́ nígbà kan rí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yarí, ó fa wáyà rẹ̀ yọ, ó tún un kì bọ ihò rẹ̀, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọjọ́ náà ló joyè. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ọ̀ńkù Injiníà, àwọn àgbà ń pè é ní Injiníà, kò sì pẹ́ tí òun náà fi gbà á gbọ́.

Mi ò tíì rí obìnrin tí wọ́n fi oyè yìí dá lọ́lá. Àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà wà nínú ẹbí o, wọ́n tiẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tún nǹkan ṣe kíákíá, wọ́n á sì padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ta ló máa fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ joyè? Oyè Injiníà ń fẹ́ òógùn, ó ń fẹ́ ká máa mí kanlẹ̀, ó ń fẹ́ kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ kí ọ̀gá lè ronú.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ba Injiníà ni kí kọ̀ǹpútà méjì wà nínú ilé kan kí wọ́n má rí ara wọn. Kọ̀ǹpútà tí kò tàn, èèyàn lè gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Èyí, kò síbi téèyàn fẹ́ gbá. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń tàn, Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń wo YouTube, fáìlì kan ṣoṣo ni kò fẹ́ kúrò ní yàrá wá sí pálọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bá a nílé Dádì ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Sátidé. Dádì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù, ó sì fẹ́ kí fídíò ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá Mọ́mì ni fídíò náà wà. Ó tó gígábáìtì 6, nítorí ẹni tó yà á kò fo ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tó ń di ẹran sínú ọ̀rá. Àbíkẹ́yìn ilé, ọmọbìnrin tó wà ní SS2, ti kọ́kọ́ fi flash gbìyànjú. Flash 32 gígábáìtì ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà ti tóbi jù fún un. Wọ́n pe Injiníà lórí fóònù.

"Flash Ṣáínà ni," ó ní. "Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mò ń bọ̀."

Flash kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. FAT32 ni wọ́n tò ó sí láti ilé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń tò ọ̀pọ̀ flash 32 gígábáìtì, FAT32 kì í sì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá ti tó gígábáìtì 4, àyè ì báà ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Ká ní wọ́n tún un tò sí exFAT ni, fídíò ì bá ti wà lórí láptọ́ọ̀pù kí Injiníà tó rí mọ́tò wọ̀ ní Ìwó Road. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká máa wá Injiníà fún?

Ó dé tòun ti báàgì dúdú. Wáyà oríṣiríṣi ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti lọ́ mọ́ra, pẹ̀lú screwdriver mẹ́rin fún ìṣòro tí kò ní ìdè kankan, àti CD Windows 7 kan tó wé sínú ọ̀rá. Nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì tó wà nílé náà, kò sí èyí tó ní ojú ibi tí wọ́n ń ki CD bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Dádì dé ìdajì, nítorí báàgì. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fa ìka rẹ̀ kí ó dún, ó wá béèrè ìbéèrè tí gbogbo Injiníà Ẹbí fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́:

"Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Kò bi wọ́n léèrè ohun tí kọ̀ǹpútà wí. Kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an. Ìbéèrè ọlọ́pàá ló bi wọ́n, gbogbo ojú sì yí sí àbíkẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń gbìyànjú láti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni tó kà á dé ìdajì, Injiníà ti tẹ OK. Ọ̀rọ̀ míì jáde, ó pa òun náà. Mo ti wo àwọn èèyàn wọ̀nyí títí, wọn kì í kàwé ojú ẹ̀rọ. Lójú tiwọn, ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń kà á. Kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ àìsàn rẹ̀, kó kọ oògùn rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, Injiníà á pa á rẹ́, á ní, "Windows ti ń ṣe wèrè."

"Ọ̀ńkù," àbíkẹ́yìn ní, "ó kọ ọ́ síbí pé network yìí, Public ni."

"Ṣé ìwọ ni injiníà ni?"

Ọ̀rọ̀ gidi lọmọ náà sì sọ o. Ọ̀nà méjì ni Windows pín ibi tó bá ti so mọ́ Wi-Fi sí: Public, fún ìta gbangba, níbi tí kì í ti í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà míì rí òun, àti Private, fún inú ilé. Bí wọn ò bá sọ nǹkan kan fún láptọ́ọ̀pù tuntun, Public ló sábà máa ń mú. Dádì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ rò pé pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ni àwọn wà.

HomeGroup, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé kan fi ń pín fáìlì fún ara wọn, ni Injiníà ń wá ní tirẹ̀. Windows 7 tó jáde ní 2009 ló gbé HomeGroup dé, ọdún náà sì ni ìmọ̀ Injiníà dúró sí. Ó ṣí Control Panel, ó ṣí ibí, ó ṣí ọ̀hún. "Ibí ló máa ń wà," ó ní. Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti 2018. Nígbà tó wá a tì, ó fi ojú àánú wo Dádì: "Dádì, Windows tí wọ́n tà fún yín yìí, kò pé, sà." Dádì mi orí. Tẹ́lẹ̀ náà ló ti ń fura sí ẹni tó tà á.

Ó kan firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tó fẹ́ gba orí network wọ kọ̀ǹpútà wò. Kò sí Injiníà Ẹbí tí kò gbà pé firewall ni ọ̀tá aráyé. Ó pa á lórí kọ̀ǹpútà kìíní, ó pa á lórí èkejì, Windows ń fi àmì pupa pariwo ewu, ó pa ariwo náà pẹ̀lú. Ó bọ́ sórí fọ́lídà tí fídíò wà, ó fún Everyone ní Full Control, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé lè kà á, ó lè yí i padà, ó sì lè pa ìsìnkú Màmá rẹ́ ráúráú. Fídíò ṣì jókòó sí yàrá.

Ló bá mú fóònù jáde, ó wo ọkùnrin kan lórí YouTube tó ń sáré sọ̀rọ̀, ó sì rí oògùn: SMB1. Ibí yìí ló yẹ kí ẹ̀rù ti ba èèyàn. SMB ni èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn. Barry Feigenbaum ló dá a sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM ní nǹkan bí 1983, ẹnu ọ̀nà 445 ló sì ń gbà lónìí. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́, SMB1 yìí, ti gbó, ó sì ti lu. Ní oṣù May 2017, ibi tó lu yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé ìwòsàn ń dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù March ọdún yẹn, àwọn tí kò gbà á sórí ẹ̀rọ wọn ló fara gbá a. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1 kúrò nínú Windows 10 tuntun. Injiníà wa ló wá ń gbé e padà sínú ilé Dádì tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣe ni wọ́n fi pa mọ́ fún wa," ó ní.

Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ méjèèjì, kí wọ́n tún wọn tàn. Mọ́mì gbé àmàlà dé.

Bí Injiníà ṣe ń fọwọ́, àbíkẹ́yìn jókòó sí àyè rẹ̀. Ó wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò láti àárọ̀: Wi-Fi wo ni kálukú wọn so mọ́? Láptọ́ọ̀pù wà lórí MiFi Mọ́mì, kọ̀ǹpútà yàrá wà lórí ráútà pálọ̀. Ó tẹ ipconfig sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 192.168.8 ni àdírẹ́sì ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀, 192.168.1 ni ti èkejì. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n network ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí ọ̀nà láàárín wọn. Ìbátan ìṣòro yìí ni Guest Wi-Fi tí ọ̀pọ̀ ráútà ní, tó ń fún àlejò ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ àlejò rí ti onílé. Firewall kò jẹ̀bi, ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù kò jẹ̀bi. Ọmọ náà gbé láptọ́ọ̀pù sórí ráútà, ó sọ Public di Private, orúkọ kọ̀ǹpútà yàrá sì yọ.

"Ẹ ò rí i?" Injiníà kígbe tòun tòkèlè lẹ́nu. "Mo ní firewall ni!"

Ó fọwọ́ wàràwàrà, ó gba àyè rẹ̀ padà. Ó ku pásíwọ́ọ̀dù. Pé ó ti kọ Everyone sára fọ́lídà kò ní kí kọ̀ǹpútà má béèrè ẹni tó ń kànkùn. Gbogbo ilé ló mọ PIN kọ̀ǹpútà yàrá, 1960 ni. Injiníà tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó tún un tẹ̀, ó fi agbára kún un bí ẹni pé bọ́tìnì ò gbọ́ dáadáa, kò gbà. PIN kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe é; ẹni tó bá gba orí network wá, pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì gan-an ni wọ́n máa bi í. Ìgbà tí Mọ́mì ti fi èyí sílẹ̀ ti pẹ́, kò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham lórí WhatsApp. Injiníà Ẹbí ni òun náà, ti ẹ̀ka òkè òkun. "Gbé fóònù sún mọ́ ọn. Imú ẹ ni mò ń wò yìí, ojú kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ rí." Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé fídíò náà sí Google Drive. Fídíò tó fẹ́ rìn láti yàrá dé pálọ̀ ni wọ́n fẹ́ rán gba òkè òkun, dátà ní àlọ, dátà ní àbọ̀. Dádì ní kí wọ́n bá òun kí ìyàwó rẹ̀.

Injiníà fẹ̀yìn ti àga. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ti ń bẹ̀rù.

"Ó máa gba format."

"Format kẹ̀?" Mọ́mì dìde. "Fídíò Màmá wá ńkọ́?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. A máa kọ́kọ́ kó o kúrò lórí ẹ̀ ná."

"Kí lo máa fi kó o?"

Injiníà ní kí wọ́n fún òun lómi tútù.

Kó tó mu ún tán, àbíkẹ́yìn ti wà ní yàrá. Ó ṣí àkáǹtì tuntun sórí kọ̀ǹpútà Mọ́mì, ó fún un ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó padà sí pálọ̀, ó tẹ méjèèjì sí ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń béèrè. Fọ́lídà ṣí. Fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀. Ọmọ náà dìde, ó lọ fọ abọ́.

Injiníà kò tíì ṣe tán. Ó gé páálí, ó kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yàrá sí i gàdàgbà, 192.168.1.105, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pálọ̀, ó ní nọ́ńbà yìí ni kí Dádì máa tẹ̀ títí ayé. Kó tó gbé báàgì rẹ̀, NEPA mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ráútà tún nọ́ńbà pín, 105 sì bọ́ sọ́wọ́ fóònù Mọ́mì. Orúkọ kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà ń lò ní tirẹ̀, nítorí náà ohun tó yí padà kò kàn án.

Dádì fún Injiníà lówó ọkọ̀, Mọ́mì di ẹran kún àmàlà tó kù, wọ́n sìn ín dé géètì. Àwọn aládùúgbò ń kí i, ó ń fi ọwọ́ dá wọn lóhùn.

"Dádì," àbíkẹ́yìn ní nígbà tí wọ́n wọlé, "ẹ jẹ́ n tan firewall padà, kí n sì yọ SMB1 tí Ọ̀ńkù gbé wọlé yẹn kúrò."

Dádì ti wà lójú ìran tí wọ́n ti ń náwó fún un níbi ìsìnkú. Kò gbójú sókè.

"Má dán an wò," ó ní. "Bí Injiníà ṣe tò ó nìyẹn. Àbí o fẹ́ bà á jẹ́ ni?"