Káàdì Àjọ Ìyá Ìfọ̀n

Ẹ sún mọ́ mi, mi ò fẹ́ pariwo. Ṣé ẹ mọ ọmọ tó gba yàrá ẹ̀yìn, èyí tí kì í kí èèyàn kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa? Òun ló fi PHP kọ ìwé àjọ fún àwọn ìyá Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. PHP kì í ṣe oògùn o, èdè kọ̀ǹpútà ni. Rasmus Lerdorf ló gbé e jáde ní 1995, Greenland ni wọ́n sì ti bí i. Nínú òtútù yẹn!

Kò sí wàhálà, àfìgbà tí ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ tó ń ti Ìfọ̀n wá forúkọ sílẹ̀. Kò tíì dá kọ́bọ̀. Ó tẹ fóònù, ó bá "foreach() argument must be of type array|object, null given". Ló bá figbe ta: "Wọ́n ti kó owó mi lọ!" Owó wo? Àsìkò ọdún Igogo sì ni, tí wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀, agogo nìkan ni, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.

Ọmọ náà ní foreach dà bí alájọ tó ń ka àmì orí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní káàdì tí kò ní àmì, ìyẹn [], á kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ẹ má fún un ní káàdì rárá, ìyẹn null, á lọgun. Ó bá kọ ọ́ báyìí: foreach ($owo ?? [] as $eyo). Bí káàdì tó ń jẹ́ $owo ò bá sí, kó mú èyí tó ṣófo. Látìgbà PHP 7, ní 2015, ni àmì ìbéèrè méjì yẹn ti wà.

Àmọ́ ọkàn mi ò gbà á tán. Bó bá ṣèèṣì kọ $owu dípò $owo ńkọ́? ?? á bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó ti ń dá látọdún tó kọjá á rí òfìfo. Bí ibi ìpamọ́ bá sì kọṣẹ́, ó lè dá false padà, ?? ò sì ríran rí false.

Ìyá Ìfọ̀n tún tẹ fóònù. Ìkìlọ̀ ti lọ, ojú ìwé funfun báláú. Igbe kejì! Ọmọ náà sáré fi empty() yẹ̀ ẹ́ wò kí foreach tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kò tíì dá àjọ kankan."

Ìyá kà á, ó pòṣé: "Ta ló rán fóònù pé kó máa tú àṣírí mi?"