Kọ́kọ́rọ́ ní Géètì, Kòkòrò Nínú Kọ̀ǹpútà
Olè tó bá fẹ́ wọ ilé olówó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ìlú Ọ̀yọ́ máa làágùn: odi ga, àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀, irin wà lójú fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sì wà ní géètì. Ti olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn. Páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà inú pálọ̀ ni 123456, èyí tí ilé-iṣẹ́ NordPass kéde ní 2023 àti 2024 pé òun ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Baálé ilé sì tún kọ ọ́ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà lára, kí àlejò má baà dààmú. Kì í ṣe pé kò ní antifáírọ́ọ̀sì o. Ó ní in, ayédèrú tí wọ́n fi fíláàṣì gbé wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa ààbò Windows kí òun tó wọlé, bí ìgbà tí wọ́n lé ọdẹ kúrò kí olè lè ráyè ṣọ́lé. Bí Windows bá sì bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gba àtúnṣe, “ó dọ̀la” ni èsì. Dátà ti wọ́n. Microsoft gbé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta 2017. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry ká ẹgbẹ́ ó-dọ̀la mọ́lé ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, ó ti fáìlì wọn mọ́lé, ó ní 300 dọ́là ni béèlì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó di 600. Bitcoin nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Kò sí “ẹ dákun, ẹ bá wa dín in kù” níbẹ̀.