Ẹ̀gbọ́n JP, Ta Ló Kọ Ti Ìsàlẹ̀ Ìlà?

Ẹ̀gbọ́n mi JP,

Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àsíá Ísírẹ́lì kékeré tó wà níwájú mọ́tò yín. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ ní pálọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e síta. Ní Sọ́ńdè Sùkúù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan wà láàárín wa tó fẹ́ gba ègún Ọlọ́run nítorí Ísírẹ́lì. Mo nawọ́. Kì í ṣe ègún ni mo fẹ́ gbà, ìbéèrè ni mo ní. Ẹ ní, "Tọ́másì, jókòó." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Nígbà tí mo délé ni mo mú bírò.

Bíbélì ńlá yín tí mo yá ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí n fara balẹ̀ kà á kí ojú mi lè là. Ó là lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ kó là sí ló là sí. Ìlà kan wà tó dábùú ojú ewé. Mósè wà lókè ìlà, òun àti Aísáyà àti Pọ́ọ̀lù. Nísàlẹ̀ ìlà, níbi tí lẹ́tà ti tín-ín-rín bí ọmọ èèrà, ará Amẹ́ríkà kan ló wà ńbẹ̀: Cyrus Scofield. Ó ṣe ọmọ ogun ìhà Gúúsù nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó ṣe lọ́yà ní Kansas, ó sì wá di pásítọ̀. Lọ́dún 1909 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford gbé Bíbélì alálàyé rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n, mo yẹ gbogbo ibi tí ẹ fi bírò pupa fà wò. Ìsàlẹ̀ ìlà ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ tí ẹ fi ń dẹ́rù bà wá, Jẹ́nẹ́sísì 12:3. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà kan, Ted Cruz, sọ fún oníròyìn Tucker Carlson pé láti Sọ́ńdè Sùkúù ni wọ́n ti kọ́ òun pé ẹni tó bá súre fún Ísírẹ́lì yóò rí ìbùkún. Carlson bi í pé níbo ló wà nínú Bíbélì. Sẹ́nétọ̀ ò rántí. Carlson ló padà sọ fún un pé Jẹ́nẹ́sísì ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kò lè ṣìnà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ka ẹsẹ náà lójú oorun. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Ábúrámù ni. Orúkọ Ísírẹ́lì kò sí nínú ẹsẹ náà rárá. Wọn ò tíì bí Jákọ́bù tó máa jẹ́ ẹ, wọn ò tíì bí bàbá rẹ̀ pàápàá. Èdè wa kò sì jẹ́ kéèyàn rí ibi sá sí: "ọ" ni Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀, kì í ṣe "yín". Ẹnì kan ṣoṣo. Ìsàlẹ̀ ìlà ni Scofield ti wá là á yé wa pé orílẹ̀-èdè tó bá ni Júù lára kì í rí rere, èyí tó bá dáàbò bò wọ́n á sì rí i. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè má jẹ́ òótọ́, àmọ́ Mósè kọ́ ló kọ ọ́.

Pọ́ọ̀lù náà rọ̀ mọ́ ẹyọ kan yẹn. Ní Gálátíà 3:16, ó ní irú-ọmọ kan ni ìlérí wà fún, kì í ṣe púpọ̀, Kristi sì ni irú-ọmọ náà. Tó bá fi máa parí orí yẹn, ó ti sọ gbogbo ẹni tó jẹ́ ti Kristi di ajogún Ábúráhámù, títí kan èmi ọmọ Ìbàdàn tí ẹ ní kó jókòó.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ má tíì dìde. Ẹ fẹ́ ní Jẹ́nẹ́sísì 17 pe ilẹ̀ náà ní ìní títí ayé. Ẹ fẹ́ ní Pọ́ọ̀lù kan náà sọ nínú Róòmù 11 pé Ọlọ́run kì í kábàámọ̀ ẹ̀bùn rẹ̀. Òótọ́ ni, òkè ìlà ló wà. Ìdí tí mo fi nawọ́ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù fi orí mẹ́ta gbáko jìjàkadì lé lórí, tó sì fi ìyanu parí, ẹ̀yin fi ìṣẹ́jú márùn-ún yanjú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé igbá ọrẹ.

Scofield pàápàá kọ́ ló dá ẹ̀kọ́ yín yìí sílẹ̀. John Nelson Darby ni, àlùfáà Áńgílíkà kan ní Ireland tó fi ìjọ wọn sílẹ̀. Ó ń kọ́ni pé ènìyàn oríṣi méjì ni Ọlọ́run ní, Ísírẹ́lì ti ayé àti Ìjọ ti ọ̀run, a kò sì gbọdọ̀ da ìlérí wọn pọ̀. Òótọ́ ni pé kí Darby tó dé, àwọn Kristẹni kan ní Ìlú Ọba ti ń retí kí Júù padà sílé, ṣùgbọ́n òun ló to gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1800 ni wọ́n bí i. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń pè ní ti àwọn àpọ́sítélì, ẹni tó là á sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Ájàyí Crowther! Ẹgbẹ́ Bíbélì tó tẹ Bíbélì Yorùbá fún wa sì ní òfin kan nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1804: wọn ò gbọdọ̀ fi àlàyé kankan sí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí Bíbélì àwọn ìyá wa fi fúyẹ́ ju tiyín lọ.

Theodor Herzl pàápàá, Júù tó kọ ìwé ní 1896 pé kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn, kò dúró de àsọtẹ́lẹ̀. Ìyà tó ń jẹ Júù ní Yúróòpù ló lé e. Àlùfáà Áńgílíkà kan ní Vienna, William Hechler, ló sáré lọ bá a pé ìwé náà bá ìṣirò òun mu. Nígbà tí Herzl dé ilé rẹ̀, ó bá àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ní àtẹ.

Àtẹ àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ fi ń kọ́ wa yẹn ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Ìgbà méje wà níbẹ̀, Ìgbàsókè wà níbẹ̀, ẹṣin mẹ́rin, dírágónì, gbogbo wọn ní àwọ̀ tiwọn. Mo rántí pé nígbà tí ẹ wà ní yunifásítì, ìwé Hal Lindsey ti 1970 kì í kúrò lábẹ́ abíyá yín. Ó ṣírò nǹkan bí ogójì ọdún látorí 1948 tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀. Ẹ ò fẹ́ ra ilẹ̀ nígbà yẹn, ẹ ní kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe. 1988 dé, ó kọjá, ẹ kọ́ ilé alájà kan. A dúpẹ́.

Ẹni tí mi ò rí lórí àtẹ ni ọkùnrin tó ta àgbélébùú igi ólífì fún yín ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ẹ ní ẹ bá a nájà títí, pé òun náà wọ àgbélébùú sọ́rùn. Ará Palẹ́sítínì tó jẹ́ Kristẹni nìyẹn. Kí ló ń ṣe láàárín àsọtẹ́lẹ̀ yín? Ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tó wọ Abẹ́òkúta ní 1846 náà ló rán èèyàn lọ Palẹ́sítínì ní 1851; ọmọ ìyá kan náà la jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn Kristẹni Palẹ́sítínì ni Naim Ateek, àlùfáà Áńgílíkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ní 1948 tí wọ́n lé àwọn ará ilé rẹ̀ kúrò ní Beisan, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé láti ìgbà náà ni Májẹ̀mú Láéláé ti ṣòro í kà fún ọ̀pọ̀ Kristẹni ilẹ̀ wọn. Ní 2006 tí pásítọ̀ John Hagee ti Texas dá ẹgbẹ́ Kristẹni onígbèjà Ísírẹ́lì sílẹ̀, olórí ìjọ mẹ́rin ní Jerúsálẹ́mù, ti Áńgílíkà wà lára wọn, buwọ́ lùwé pé àwọn kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìlú tí ẹ lọ kí ẹ tó gba oyè JP, Jerusalem Pilgrim, ni wọ́n ti kọ ìwé náà.

Ẹ má rò pé mo ń yọ̀. Àwa tí à ń sọ pé Ìjọ ti gba ipò Ísírẹ́lì, ẹnu wa kò mọ́. A ti gba gbogbo ìbùkún inú àwọn wòlíì, a fi ègún sílẹ̀ fún Júù. Ní 1543, Luther kọ ọ́ pé kí wọ́n dáná sun sínágọ́gù wọn. Tí ẹ bá ní irú kíkà bẹ́ẹ̀ ló fi Yúróòpù sílẹ̀ fún ẹni tó wá pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi dá yín lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wọn tó báyìí, mo ka àlàyé àwọn olùkọ́ yín lórí Sekaráyà 13:8. Wọ́n ní nígbà Ìpọ́njú Ńlá, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn Júù tó wà nílẹ̀ náà yóò kú. Ẹ̀yin nìyẹn, ẹ ti bá Ìgbàsókè gòkè lọ. Ṣé ẹ ti fi ibi yẹn han aṣojú ìjọba Ísírẹ́lì kankan rí?

Mò ń gbé Bíbélì yín bọ̀ ní Sátidé. Mo ti gé páálí kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ìlà. Ká fi bo Scofield lójú, ká wá ka Róòmù 9 dé 11, ẹ̀yin ẹsẹ kan, èmi ẹsẹ kan. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé èkuru ni mo fẹ́ jẹ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àgbélébùú igi ólífì yẹn sórí tábìlì.

Èmi ni,
Tọ́másì yín.