Ẹ̀gbọ́n Tó Fẹ́ Kí Hilux Fò ní Ojúẹlẹ́gbà

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n wa tó ń bọ̀ láti Masha yìí. Etí la fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Irin tí wọ́n dè mọ́ iwájú Hilux wọn tó ṣe géètì ilé alájà méjì. Iná mẹ́fà ló tò sórí òrùlé. A ò tíì mọ ẹranko tí wọ́n fẹ́ fi wá ní Ìdí-Àràbà lóru. Sítíkà TRD wà ní ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó wà ní ti òsì. Táyà ga débi pé ìyàwó wọn ní láti gun àga kó tó wọlé. Wọ́n dé Ojúẹlẹ́gbà, wọ́ọ̀dà dá ọkọ̀ dúró, ó tún ní kí wọ́n máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n bá tẹná. Mọ́tò pariwo. Èéfín dúdú bo ìyá oníbọ̀ọ̀lì lójú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sì rọra kọjá lára wọn. Ọwọ́ kan ni awakọ̀ rẹ̀ fi ń wà á, ó ń fi ìkejì jẹ gúgúrú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ti ń wá agbára kún agbára. Wọ́n sì ti rí i. Ẹnì kan ní Ládípọ̀, ní Mushin, sọ pé àpótí kékeré kan wà tí kò ju páálí sìgá lọ, pé tí wọ́n bá ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, Hilux di bààlúù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí àpótí yẹn ń ṣe fún yín, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sanwó. Irọ́ ló ń pa. N ò bú u o, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì dísù òde òní ní páìpù kan tí gbogbo nọ́súùlù ń mu nínú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lórí páìpù náà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí dísù inú rẹ̀ ṣe le tó. Àpótí yìí á dúró sáàárín àwọn méjèèjì, á máa bu òótọ́ kù. Kọ̀ǹpútà á gbọ́ pé kò tó, á ní kí pọ́ǹpù fún un sí i. Bí ọmọ UNILAG ṣe ń gba owó ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú gan-an nìyẹn. Dísù á pọ̀ lóòótọ́, agbára náà á sì wá, bí afẹ́fẹ́ tó máa bá a jó bá wà. Bí kò bá sí, èéfín ni. Ẹ sì ti ní èyí tó tó yín.

Èéfín dúdú yẹn, dísù tí kò jó tán ni. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote gé lítà kan dísù láti 1,200 náírà sí 1,000 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n patẹ́wọ́ jù wá lọ. Kí wọ́n má patẹ́wọ́ kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo Surulere ló ń bá wọn mu nínú rẹ̀?

Ó yá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì yọ fíítà afẹ́fẹ́, ó gbá a mọ́ táyà lẹ́ẹ̀kan péré. Eruku Ìtirẹ́ jáde, ti Lawanson tẹ̀lé e, ewé gbígbẹ kan bọ́ sílẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀súnsún, lẹ́yìn náà ni àjákù ọ̀rá piọ́ wọ́tà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ èyí gbẹ̀yìn?” Ẹ̀gbọ́n yanu. “Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni? Èmi máa ń ní kí fọkanáísà fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ ni.” Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti fẹ́ ẹ títí bébà rẹ̀ fi ya. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò tó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, iyanrìn ni ẹ fi ń bọ́ ọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti họ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì rọ́bà ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti fún lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ̀gbọ́n ti la lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Ẹnì kan ti fi ọ̀rá wé e, ó fi wáyà dì í. Tí wọ́n bá tẹná, afẹ́fẹ́ á máa sá jáde níbẹ̀, á máa súfèé fíì. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìfé náà, wọ́n ní tọ́bò ló ń kọrin. Wọ́n tilẹ̀ ká a sórí fóònù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Agbára tí wọ́n ń wá kiri Ládípọ̀ ló ń jáde lọ lójú wọn yẹn, wọ́n tún ń jó sí i. Họ́ọ̀sì tuntun àti kílíìpù méjì, owó rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n fi ra iná òrùlé.

Ká má tíì sọ ti dísù inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń rà létí ọ̀nà. Páìpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, agbára tó ń ti dísù nínú rẹ̀ lè ju 1,000 bar lọ. Táyà yín tó ga yẹn, 2 tàbí 3 ni. Omi díẹ̀ bá dé irú ibẹ̀, nọ́súùlù gbà á nìyẹn. Fíítà dísù ló yẹ kó dá omi dúró. Iná kan sì wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé omi ti kún inú fíítà náà. Ẹ̀gbọ́n ti fi sítíkà bò ó.

Àwọn tó ṣe mọ́tò náà gan-an, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Toyota 2.5 tí wọ́n ń pè ní 2KD: ẹ̀dà tí kò ní intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù ní agbára ẹṣin 102, ẹ̀dà tó ní intercooler, tí tọ́bò rẹ̀ sì lè ṣí ara rẹ̀ kó tún pa á dé, ní 144. Rudolf Diesel fúnra rẹ̀, tó dá ẹ́ńjìnnì dísù sílẹ̀ ní Jámánì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó yege ní 1897 ga tó mítà mẹ́ta, agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju bí 20 lọ. Kò sì ra àpótí.

N ò ní kí ẹ má fi kún un láé. Bí mọ́tò bá ti ń mí dáadáa, tí nọ́súùlù ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe kalibíréṣọ̀n, ẹni tó mọṣẹ́ lè fi láptọ́ọ̀pù tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò. Ìyẹn sàn ju àpótí onírọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń di mọ́tò mú nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ lórí afárá Jíbówú, ṣé òun náà gbọ́ sí ètò yìí? Táyà ńlá tí ẹ rà ló sì sọ gíà kìíní yín di ìdajì gíà kejì. Ẹ yọ ọ́, Márúwá á bọ̀wọ̀ fún yín. Níbo lẹ tilẹ̀ ti fẹ́ sáré? Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8, láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹlẹ́sẹ̀ tó ń ta gálà ló yára jù níbẹ̀.

Mẹkáníìkì kọ ohun tí wọ́n máa rà sílẹ̀: fíítà afẹ́fẹ́, fíítà dísù, họ́ọ̀sì, kílíìpù méjì. Ó fa ìlà sábẹ́ fíítà, ó ní ojúlówó o, tuntun inú páálí. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé kò sí Belgium rẹ̀ ni?”