Ìpele Kìíní Ti Tó

Ìpele méje ni wọ́n ní ìṣàn omi Olúmirin ní, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá ń kó ẹbí lọ, ẹ má da ara yín láàmú: ìpele kìíní ti tó. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá ní òun ò ní dúró àfi ní ìpele keje, ẹ bá a di gààrí, kí ẹ sì dágbére fún un, torí ọ̀nà Èkìtì ló forí lé.

Ìrìn náà kò le. Ẹrù ló le. Bàbá á ní omi lásán la fẹ́ lọ wò. Màmá á di kúlà kan kún fún ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti adìyẹ díndín, á tún ká ẹní lé e. Ta ni yóò gbé e gun àtẹ̀gùn? Àbúrò ìyàwó ni. Ṣé ẹ rò pé tìtorí ìfẹ́ nìkan la ṣe pè é ni?

Ẹ má lọ lójú òjò, nítorí àwọn ọmọ. Omi á máa ké ramúramù, àpáta á sì máa yọ̀ bí ilá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì ti mú jù, omi náà á rù. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ló dáa jù.

Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání fún àwọn ọmọ. Ẹ mú ti bàbá náà: ẹni tó ní òun ò ní fẹsẹ̀ kan omi ni yóò kọ́kọ́ rin gbingbin.